Ọmọ Ogúnléndé Tí Ogun Gé Lẹ́sẹ̀: Ìrànlọ́wọ́ Tí Kò Parí ní Ilé Ìwòsàn

Eegun ọmọdé kò mọ̀ pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àwọn oníṣègùn sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́, eegun tó kù nínú kùkùté ẹsẹ̀ náà yóò máa dàgbà bí ọmọ ti ń dàgbà. Nígbà mìíràn, yóò yára ju awọ àti ẹran tó bò ó lọ, orí rẹ̀ yóò mú ṣóńṣó, yóò sì máa gún awọ láti inú wá síta. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò tún gbé ọmọ náà padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láti gé lára eegun ọ̀hún, àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n ti ṣe é fún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó di àgbà. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n wọ̀ fún un lónìí náà kò ní í bá a mu mọ́ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, nítorí ẹsẹ̀ kejì ti gùn sí i, kùkùté náà sì ti yí padà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ ogúnléndé tí ogun sọ di akanda ẹ̀dá ti yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò ó. Nígbà tí a bá rí àwòrán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni owó iṣẹ́ abẹ: ká dáwó jọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ fún un, ó bùṣe. Owó àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló rọrùn jù láti rí. Èyí tó le ni ti ọdún kẹta àti ti ọdún keje, nígbà tí àwọn oníròyìn ti lọ, tí ọmọ náà ti ń di ọ̀dọ́mọbìnrin, tí òun àti ẹbí rẹ̀ sì ti kó kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí a bá tiẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan péré lọ́dún, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mẹ́sàn-án ni ọmọ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án yóò lò kó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ta ni yóò san owó ti ìkeje, ní ìlú wo, pẹ̀lú ìwé àṣẹ wo?

Ibi tí a ti lè rí ìdáhùn ìbéèrè yìí kedere ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Síríà tí ogun lé dé Jọ́dánì. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Daraa tó wà nítòsí ààlà Jọ́dánì sì wà lára àwọn ìlú tó ti kọ́kọ́ rú. Ní oṣù keje ọdún 2012 ni wọ́n ṣí àgọ́ Zaatari sínú aṣálẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 12 sí ààlà, iye àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 80,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lápapọ̀, ju mílíọ̀nù 6 ọmọ Síríà ló sá jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn. Ní 2014, àjọ HelpAge àti Handicap International gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ogúnléndé wọ̀nyí. Wọ́n rí i pé ní Jọ́dánì, nínú ogúnléndé 15, ogun ti ṣe ọ̀kan léṣe, ní Lẹ́bánónì, ọ̀kan nínú 30 ni. Ẹni tó bá mọ bí Daraa ṣe sún mọ́ ààlà kò ní í béèrè ìdí tí ti Jọ́dánì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n gbé sọdá lálẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ni mo kó jọ sára rẹ̀. Ọmọ Daraa ni, ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àfọ́kù irin bọ́ǹbù run ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Òun, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì ni wọ́n jọ wà nínú ilé onípáànù kan ní Zaatari.

Láràárọ̀, kí ó tó wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi ìbọ̀sẹ̀ onírun bo kùkùté náà. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀, ẹyọ kan lè tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń rìn, kùkùté á máa fọn díẹ̀díẹ̀, ibi tó wọ̀ sí nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á sì di gbọ̀ọ̀rọ̀, kó tó di ọ̀sán yóò ní láti jókòó síbì kan, kó bọ́ ẹsẹ̀, kó fi ìbọ̀sẹ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́, bóyá kó tún fi ẹ̀kẹta lé e. Lálẹ́, ìyá rẹ̀ á fi ọṣẹ àti omi fọ kùkùté náà, á nù ún gbẹ, á fi dígí kékeré wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ojú kan ti pọ́n. Bí ibi tó pọ́n náà kò bá padà sí àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ náà kò gbọdọ̀ wọ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí sì túmọ̀ sí pé kò ní í lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ló wà nílẹ̀ àgọ́ náà, kẹ̀kẹ́ arọ a sì máa rì sínú rẹ̀. Omi tí ìyá fi ń fọ̀ ọ́ jẹ́ omi tí wọ́n ń pín. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú rèé, kò sì sí dókítà kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrora tún wà. Ọmọ náà lè jí lóru kó máa ké pé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì òun ń jó òun, bẹ́ẹ̀ kò sí àtẹ́lẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe àfọwọ́fà ayé, kò sì parọ́. Ọpọlọ ni kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ náà ti lọ, àwọn iṣan tí wọ́n gé sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i síbẹ̀. Àwọn oníṣègùn máa ń lo oògùn sí i, wọ́n sì máa ń lo dígí: wọ́n á gbé dígí gígùn sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kí ọmọ náà lè máa wo òjìji ẹsẹ̀ ọ̀tún bíi pé ẹsẹ̀ òsì ni, kó máa ju ọmọ ìka rẹ̀, kí ọpọlọ lè fara balẹ̀. Ẹbí tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé èyí fún lè rò pé orí ọmọ ti ń dà rú, kí wọ́n sì máa gbé e kiri. Àlàyé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní èdè tí ìyá gbọ́ wà lára ìrànlọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ èyí tó ṣe wọ́n láǹfààní jù lọ.

Ní Amman, olú-ìlú Jọ́dánì, àjọ àwọn dókítà tí kò mọ ààlà, MSF, ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 fún àwọn ará Ìráàkì tí ogun ṣe léṣe. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó wá láti Síríà, Yẹ́mẹ̀n àti Gásà pẹ̀lú. Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: eegun tí kò jinná dáadáa, iná tó ti ká ọrùn mọ́ àyà, apá tí kò ṣeé nà mọ́. Ohun tó wú mi lórí nípa ilé ìwòsàn yìí ni pé wọ́n so iṣẹ́ abẹ, ìdárayá iṣan àti ìtọ́jú ọkàn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń fún àwọn aláìsàn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ní ibùgbé fún ìgbà tí ìtọ́jú náà bá gbà, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Láti 2017 ni wọ́n tún ti ń fi ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde bí ère ṣe apá àti ọwọ́ àtọwọ́dá. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí gan-an. Ó wúlò fún ọwọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń gbé gbogbo ara, ẹni tó sì ń fi ojú àti ọwọ́ wọn kùkùté, tó ń rẹ́ ike náà níbi tó ti ń dun ọmọ, kò tíì ṣeé fi ẹ̀rọ rọ́pò.

Handicap International, tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Humanity & Inclusion ní 2018, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tó bá èyí mu láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní 1982, àwọn oníṣègùn tó dá a sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú àgọ́ àwọn ará Kàm̀bódíà tó sá lọ sí ààlà Tháílándì, níbi tí bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ti ń gé àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀. Oparun, igi àti awọ ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀ fún wọn, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò ṣe pé ẹni tó wà nínú àgọ́ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ bó bá bàjẹ́. Ẹsẹ̀ olówó iyebíye tí wọ́n gbé wá láti Yúróòpù, tí kò sí ẹni tó lè tún ìdè rẹ̀ ṣe ní Zaatari, yóò di ohun tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn láìpẹ́.

Ti owó wá ńkọ́? Jọ́dánì kò fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 lórí àwọn ogúnléndé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àdéhùn tirẹ̀ láti 1998 pẹ̀lú UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àwọn ogúnléndé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àwọn ará Síríà tó forúkọ sílẹ̀ ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ìjọba ní kí wọ́n máa san iye tí ọmọ Jọ́dánì tí kò ní ìbánigbófò ń san. Ní 2018, owó náà fò sókè di ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àjèjì ń san, kí wọ́n tó dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀ ní 2019. Fún ẹni tó ní ibà, ìyípadà yìí kò ju ìnira ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí eegun rẹ̀ ń gún awọ, tí wọ́n ti fún ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní 2018, ọdún kan lè ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, eegun ò sì dúró de ìjọba. Mi ò dá Jọ́dánì lẹ́bi pátápátá. Orílẹ̀-èdè kékeré tí omi gan-an ń wọ́n ni, àlejò tó sì gbà pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó gbà lọ.

Àwọn ẹbí náà fara gbọgbẹ́, bí kò tilẹ̀ hàn lójú. Ìyá ni yóò di nọ́ọ̀sì àti olùkọ́. Bàbá tó rán ọmọ níṣẹ́ lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù balẹ̀ lè má tún lè wo kùkùté náà láé, àwọn èèyàn á sì máa sọ pé kò bìkítà. Àbúrò rẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ á máa pẹ́ dé kíláàsì tirẹ̀ títí tí kò fi ní í lọ mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò tún di ọ̀tọ̀: bàbá kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, òṣìṣẹ́ ọkùnrin kò sì yẹ kó kàn wọlé láti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ìyá kan á tún máa ronú pé ta ni yóò fẹ́ ẹ, ẹ̀rù yẹn a sì mú kí wọ́n fi ọmọ pamọ́ sínú ilé nígbà tí àlejò bá dé. Ètò ìrànlọ́wọ́ tó ka ẹsẹ̀ nìkan kún, tí kò ka ìyá kún, yóò fọ́ lọ́jọ́ tí àìsàn bá dá ìyá náà dúbúlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn ni ogun bà jẹ́, tí ọmọ náà kò lè mọ ara láti ìgbáròkó lọ sísàlẹ̀, iṣẹ́ ilé yìí tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò máa fi rọ́bà tín-ínrín fa ìtọ̀ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, wọn yóò sì máa yí i padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí ìdí rẹ̀, nítorí ara tí kò mọ ìrora kò lè kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó fi ọ̀nà ìtọ́jú yìí múlẹ̀ jù lọ láyé, ogúnléndé ni òun náà. Ludwig Guttmann, dókítà Júù láti Jámánì, sá fún Hitler pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939. Ní oṣù kejì ọdún 1944, ìjọba fi ẹ̀ka ìtọ́jú eegun ẹ̀yìn sí abẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í pẹ́ láyé. Egbò àti àrùn ilé ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Guttmann pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní gbogbo wákàtí méjì, tọ̀sán-tòru, ó sì máa ń wá fúnra rẹ̀ lóru láti wò bóyá wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ó kó àwọn èèyàn 16 tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ jọ láti figa gbága nínú eré ọfà títa; láti ibẹ̀ ni ìdíje Paralympics ti yọ. Àwọn ogúnléndé ti ń kópa nínú ìdíje yẹn láti 2016. Ibrahim Al Hussein, òmùwẹ̀ ọmọ Síríà tí ogun gé lẹ́sẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ ní Rio, lẹ́yìn tí oníṣègùn kan ní Áténì ti ṣe ẹsẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni àwọn ẹbí kan bí ti ọmọbìnrin wa bá ara wọn sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí láti kó 20,000 ogúnléndé wá láti àyíká Síríà. Nígbà tí ètò náà fi máa parí ní 2021, iye wọn ti lé díẹ̀ ní 20,000. UNHCR ló ń yàn wọ́n, àìsàn àti àìpé ara sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń yàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wa, nítorí nínú àwọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú èèyàn nílé, tó ń wa ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn akanda ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Leeds, ọmọ Yorùbá kò kéré. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ẹbí náà. Ó dára kí onítọ̀hún mọ ohun tó tọ́ sí wọn.

Owó ìrànwọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tó ní àìpé ara, tí wọ́n ń pè ní DLA, kì í sábà tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òfin sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún àkókò kan ná. Òfin yẹn kò de àwọn tí ìjọba ti gbà gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé. Síbẹ̀, lẹ́tà tó sọ pé kò tọ́ sí wọn lè jáde láti ọwọ́ akọ̀wé tí kò mọ̀, ẹbí tí kò gbọ́ èdè náà yóò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń gba DLA tó dé ìwọ̀n kan, òbí tó ń fi wákàtí 35 tọ́jú rẹ̀ lọ́sẹ̀ lè béèrè owó olùtọ́jú. Ní ti ẹ̀kọ́, kánsù ní ọ̀sẹ̀ 20 láti parí ìwé ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní EHC, láti ọjọ́ tí òbí bá ti béèrè; ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè, kò sí ẹni tó ń ka ọ̀sẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ilé ló máa ń di wọ́n lọ́wọ́ jù. Ní Ẹ́ńgílándì, owó àtúnṣe ilé fún akanda ẹ̀dá lè tó 30,000 pọ́ùn, ní Wales 36,000, bó bá sì jẹ́ ti ọmọdé, wọn kì í wo ohun tó ń wọlé fún òbí. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n fọ́ ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé, ẹni tó sì ń béèrè owó náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé èrò ọkàn òun ni láti gbé ilé náà fún ọdún márùn-ún. Èwo nínú àwọn ogúnléndé tó háyà ilé aládàáni, tí àdéhùn rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ, ló lè fi ọkàn kan fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni àwọn ọmọ kan ṣe ń wẹ̀ nínú ike ní pálọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti dé orílẹ̀-èdè olówó. Òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ilé: yóò wá ilé tó jẹ́ ti kánsù tàbí ti ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé fún aráàlú, yóò sì wá èyí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹbí náà tó já ẹrù.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ èdè náà. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mọ́kànlá jókòó sáàárín dókítà àti ìyá rẹ̀ kó máa túmọ̀ pé wọn yóò tún gé lára eegun òun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ èdè tuntun, ó sì máa ń rọrùn fún gbogbo èèyàn àfi ọmọ náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ògbufọ̀ tí wọ́n lè pè, kódà lórí fóònù, òbí kò sì gbọdọ̀ san kọ́bọ̀. Ẹ béèrè kí ọjọ́ tó pé.

Ní 2016, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò kan sílẹ̀ tí ó fún ẹgbẹ́ àdúgbò, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí láǹfààní láti gba ẹbí ogúnléndé kan sọ́dọ̀. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n ní ó kéré tán 9,000 pọ́ùn nílẹ̀, kí wọ́n sì pèsè ilé tí ẹbí náà lè gbé fún ọdún méjì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kan tó ń dá àjọ lóṣooṣù lè kó 9,000 jọ láìbú sẹ́kún. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀: ìrẹsì, aṣọ, àwòrán. Ẹbí tó ní ọmọ akanda nílò ẹnì kan ṣoṣo, kì í ṣe ogún, tí yóò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wọn ẹsẹ̀ tuntun, tí yóò tẹ̀ lé ìyá lọ, tí yóò mọ orúkọ òṣìṣẹ́ kánsù tó ń mójú tó ìwé wọn, tí yóò sì tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ẹni yẹn, dókítà á máa dúró de kánsù, kánsù á máa dúró de ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹ̀kọ́ á máa dúró de lẹ́tà dókítà, ìyá tí kò gbọ́ èdè ni yóò sì máa sá láàárín wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tún le sí i báyìí kò ṣòro láti rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà dá ètò gbígba ogúnléndé orílẹ̀-èdè náà dúró, owó ìrànwọ́ tó ń jáde láti ibẹ̀ sì já lulẹ̀. Ní oṣù kẹfà, UNHCR kéde pé àyè iṣẹ́ 3,500 yóò lọ. Bí owó bá dín kù, oúnjẹ àti omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dáàbò bò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé ni iṣẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹbí kan láti ọdún dé ọdún, nítorí kò sí òkú tí yóò sùn lọ́la bí wọ́n bá gé e. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá gbígba ìwé ìbéèrè tuntun dúró lórí kí ogúnléndé mú ẹbí rẹ̀ wá. Òfin wọn kò sì tíì fìgbà kan gba ọmọdé tó jẹ́ ogúnléndé láyè láti pe òbí rẹ̀ wá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òbí yẹn ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ kùkùté rẹ̀.

Ní apá kejì, ìjọba Ààrẹ Assad ti Síríà ṣubú ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, UNHCR sọ pé mílíọ̀nù kan ọmọ Síríà ti padà sílé láti òkèèrè. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tí kò bú ṣì wà nínú oko àti àlàpà, ó sì ń gé àwọn ọmọ mìíràn lẹ́sẹ̀ bí àwọn tó ń padà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú yóò rántí àgọ́ Oru, níbi tí àwọn ọmọ Làìbéríà tí ogun lé ti gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2012, àgbáyé fòpin sí ipò ogúnléndé fún àwọn ará Làìbéríà nítorí pé ogun ti parí. Ipò ogúnléndé lè parí lọ́jọ́ kan báyìí lórí ìwé. Ọmọ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ yóò ṣì nílò ẹsẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá wá béèrè lọ́wọ́ ẹbí ọmọbìnrin wa bóyá wọn yóò padà sí Daraa, ìbéèrè tí ìyá náà yóò kọ́kọ́ fi dáhùn kì í ṣe ti ilé tó wó. Yóò béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀, bí ó ti jìnnà tó, àti bóyá obìnrin wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti palẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ìwé kan wà nínú àpò náílọ̀n tí wọ́n ń kó fọ́tò eegun sí, ní èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe àti ọjọ́ rẹ̀, gígùn kùkùté, oògùn tó ń lò, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, àti oṣù tí ẹsẹ̀ tó wọ̀ báyìí yóò kéré jù fún un.